Fọ́tò Tí Kò Lórí

Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa ń fún èèyàn nínú ẹgbẹ́ wa kì í ṣe káàdì, kì í sì í ṣe àga. Kúlíkúlí ni. Èyí tó le, tó rí roboto bí òrùka, tí ẹni tí eyín rẹ̀ ń mì kò gbọdọ̀ bá ṣeré. Ẹni tó bá gbé fọ́tò wá lọ́jọ́ náà yóò ju kúlíkúlí kan sẹ́nu, yóò jókòó, yóò sì máa gbọ́. Níwọ̀n ìgbà tí kúlíkúlí bá ṣì wà lẹ́nu rẹ̀, àwọn yòókù ló ni ọ̀rọ̀. Bó bá sáré rún un kó lè ráyè fèsì, wọn yóò fún un ní òmíràn.

Mo ti rí àgbà ọkùnrin tó jẹ mẹ́rin níjókòó kan.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ìjà ló bí òfin náà. Nígbà tí àwọn ọdún naintíìsì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, tí àwa bíi mẹ́jọ tí a fẹ́ràn kámẹ́rà ju bó ṣe yẹ lọ kó ara wa jọ ní Ìlọrin, a rò pé ìfẹ́ lásán ni yóò jẹ́. Kò sí ẹni tó ń fi fọ́tò jẹun nínú wa. Ọ̀kan jẹ́ nọ́ọ̀sì, ọ̀kan jẹ́ wẹ́dà ní Ọ̀fà Garage, alága wa jẹ́ awọnlẹ̀ tó ti fẹ̀yìn tì, èmi sì ń kọ́ àwọn ọmọ ní jọ́gíráfì ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan. Lọ́jọ́ kejì tí a pàdé, ẹnì kan sọ fún ẹnì kejì pé ewúrẹ́ inú fọ́tò rẹ̀ ní làákàyè ju ẹni tó yà á lọ. Baba ewúrẹ́, orúkọ tí a fún ẹni tó ni fọ́tò náà láti ọjọ́ yẹn, fèsì. Ẹni tó bú u dá a padà. Wákàtí kan gbáko la fi ń là wọ́n. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e ni nọ́ọ̀sì gbé ọ̀rá kúlíkúlí wá. Ó ní níbi iṣẹ́ àwọn, tí aláìsàn bá ń rojọ́ jù, ohun tí wọ́n fi ń wọn ìgbóná ara ni àwọn máa ń tì bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ilé á sì dákẹ́.

Nínú oṣù ààwẹ̀, tí ẹnikẹ́ni ò lè jẹ nǹkan lọ́sàn-án, ẹni tó ni fọ́tò yóò kọjú sí ògiri bí ọmọ tó ṣẹ̀ ní ilé kéú. Kò sí ibi tí a ò gbé e gbà.

Kíláàsì mi la ti ń pàdé, nítorí ọwọ́ mi ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà. Ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, lẹ́yìn ìrun Àìlà ọ̀sán, a ó so okùn láti fèrèsé dé fèrèsé, a ó sì fi péègì aṣọ gbé fọ́tò kọ́ ọ. Ẹni tó bá yọjú láti ìta á rò pé a ń sá aṣọ ọmọ ìkókó ni. Bàbá Alága ló ṣòfin bí a ó ṣe sọ̀rọ̀: kọ́kọ́ wí ibi tó dáa, lẹ́yìn náà wí ibi tó kù, kí o wá wí ohun tí ẹni tó ni ín lè ṣe sí i. Ẹni tó bá wí àléébù tí kò wí àtúnṣe, òun náà yóò jẹ kúlíkúlí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ nípa Bàbá Alága kí n tó máa bú wọn. Ojú wọn mú. Gbogbo ayé wọn ni wọ́n fi wọn ilẹ̀, nígbà tí ilẹ̀ sì tán lọ́wọ́ wọn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí wọn fọ́tò. Rúlà onígi kan kì í kúrò lápò wọn. Wọ́n á gbé e lé orí fọ́tò nọ́ọ̀sì, ẹni tí kì í ya nǹkan mìíràn ju ọmọ tuntun lọ, wọ́n á ní, "Ojú ọmọ yìí mọ́ kedere, mo yìn ọ́. Ṣùgbọ́n àtàrí rẹ̀ sí òkè fọ́tò, íńṣì méjì. Kí lo fẹ́ fi íńṣì méjì ṣe? Ṣé ọmọ náà ṣì máa ga sí i nínú fọ́tò ni?" Èmi gan-an, ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tí mo kọ́, ọwọ́ wọn ni mo ti kọ́ ọ. Mo ya Ọjà-Ọba láti orí àtẹ̀gùn kan, inú mi ń dùn. Bàbá Alága wò ó títí, wọ́n ní, "Tíṣà, èrò inú rẹ̀ pọ̀, ó dáa. Àmọ́ ọjà náà ti dagun sí apá ọ̀tún. Tètè lọ bá àwọn aláta sọ̀rọ̀ kí ata wọn tó dà tán." Mo rún kúlíkúlí mi pẹ̀lú ìbínú. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn títí di òní, mi ò ya ilẹ̀ tó dagun mọ́.

Nítorí náà kì í ṣe pé mi ò lè gba ìbáwí. Mo gbà á, mo sì jẹ ẹ́ mọ́ kúlíkúlí.

Òfin kan wà tí kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sílẹ̀, tí gbogbo wa sì mọ̀. Ẹni tí wọ́n bá yà gbọ́dọ̀ pé. Inú ṣọ́ọ̀bù àwọn onífọ́tò àtijọ́ ni a ti jogún rẹ̀: ìyá yóò jókòó ṣánṣán, ọwọ́ méjèèjì lórí orúnkún, bàtà méjèèjì yóò hàn, ojú yóò kọ sí kámẹ́rà bí ẹni ń gbọ́ ìdájọ́. Bí ẹsẹ̀ kan ò bá hàn, àwọn ará ilé á béèrè ohun tó ṣe ẹsẹ̀ ọ̀hún. A lè gé ilé, a lè gé igi, gígé ewúrẹ́ pàápàá kò ṣòro. Èèyàn ni a kì í gé.

Òfin yìí gan-an ni èmi àti ìyá mi rú.

Amọ̀kòkò ni ìyá mi, ní Òkèlele ní Ìlọrin. Níbẹ̀, ìkòkò kì í yí. Ẹni tó ń mọ ọ́n ló ń yí i ká. Ìyá mi á tẹ̀ bàrà, á fi ẹ̀yìn rìn, á máa fi àkísà tútù nu ẹnu ìkòkò bí wọ́n ti ń lọ, yíká, yíká, bí àlàájì tó ń yí Káábà ká. Bàbá tó bí wọn ní ilé kéú, ó sì ti kìlọ̀ fún wọn láti kékeré pé ojú èèyàn kì í ṣe ohun tí èèyàn ń dà kọ. Wọ́n dì í mú. Láyé mi, mi ò rí fọ́tò ìyá mi kan. Níbi ìgbéyàwó mi, nígbà tí onífọ́tò gbé kámẹ́rà sókè, àfi bí ẹni pé ilẹ̀ ló gbé wọn mì.

Wọn ò bá mi jà nígbà tí mo ra kámẹ́rà o. Wọ́n kàn wò ó, wọ́n wo èmi, wọ́n ní, "O ra ojú kẹta. Méjì tó wà lórí ẹ, o ti lò ó tán?"

Ṣùgbọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn ọdún tí mò ń wí yìí, mo lọ kí wọn láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo bá wọn nídìí amọ̀. Ìkòkò irin àti bókẹ́ẹ̀tì onírọ́bà ti gba ọjà. Ẹ̀yìn ti ń dùn wọ́n. Láìgbé ojú sókè, wọ́n ní, "Ẹ̀ẹ̀rùn yìí ni mo máa mọ ìkòkò mọ. Tó bá tán, ó tán."

Mo ní, "Ìyá, ẹ̀yìn ń dùn yín ni?"

"Ẹ̀yìn ti ń dùn mí kí n tó bí ọ. Àpótí ẹ wà lọ́wọ́ ẹ?"

"Kámẹ́rà? Ó wà nínú báàgì."

"Wọ́n ní ẹ máa ń lẹ fọ́tò mọ́ ògiri fún aráyé wò, ní Challenge lọ́hùn-ún."

"A fẹ́ ṣe é lóṣù tó ń bọ̀."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí yí ìkòkò ká. Wọ́n yí i tó ẹ̀ẹ̀mẹta kí wọ́n tó tún sọ̀rọ̀. "Ojú mi, mi ò fún ọ. Ọwọ́ mi rè é. Ya ọwọ́. Ṣé wọ́n á wo ọwọ́ lásán?"

Mo ní, "Wọ́n á wò ó, Ìyá."

"Wàláhì?"

"Wàláhì."

Ẹ ti rí i báyìí. Mo ti fi ẹnu ara mi búra. Ṣé èmi ni mo ni ògiri Challenge ni?

Mo ya ogún ó lé díẹ̀ nínú fíìmù tó wà nínú kámẹ́rà. Ọ̀kan jáde bí mo ṣe fẹ́ ẹ: ọwọ́ méjèèjì lára ẹnu ìkòkò, àtàǹpàkò ọ̀tún tó ti tẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, amọ̀ tó wọ abẹ́ èékánná, omi tó ń sọ̀ kalẹ̀ sí ọrùn ọwọ́. Ọrùn ọwọ́ náà ni fọ́tò parí sí. Lókè rẹ̀, kò sí nǹkan kan.

Ọjọ́ Sátidé, mo gbé e kọ́ okùn. Mo ju kúlíkúlí sẹ́nu, mo jókòó.

Nọ́ọ̀sì ló kọ́kọ́ sún mọ́ ọn. "Tíṣà, iṣan ọwọ́ yìí dáa. Tí mo bá fẹ́ gún un lábẹ́rẹ́, mi ò ní wá ibi tí mo máa gún. Ohun tó kù ni ẹni tó ni ọwọ́. Àtúnṣe rẹ̀ ò le: ẹ sún sẹ́yìn díẹ̀."

"Àbí fíìmù ló tán?" Baba ewúrẹ́ nìyẹn. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n fún un ní kúlíkúlí tirẹ̀, torí kò wí ibi tó dáa.

Bàbá Alága fa rúlà yọ. Wọ́n wọn àtàǹpàkò. Wọ́n wọn ìkòkò. Wọ́n gbé rúlà láti ọrùn ọwọ́ lọ sí òkè, wọ́n dúró níbi tí fọ́tò ti tán, wọ́n yí ojú sí mi.

"Tíṣà. Ilẹ̀ ò dagun, mo rí i. Ọwọ́ náà mọ́lẹ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n mo wọ̀n ọ́n dé òkè, mi ò bá orí pàdé. Ìwọ tó o mọ̀ pé a kì í gé èèyàn lẹ́sẹ̀, o wá gé tìẹ lórí? Àtúnṣe: padà lọ bá màmá oníkòkò yẹn. Jẹ́ kí ó jókòó. Kí ó gbé ìkòkò náà lé orúnkún. Kí ó wojú ẹ."

Kúlíkúlí ń ké lẹ́nu mi bí ẹni ń lọ òkúta.

Wẹ́dà ni kò tíì sọ̀rọ̀. Ọkùnrin jẹ́ẹ́ ni, ó kéré sí mi lọ́jọ́ orí, ó sì ní àṣà kan: bó bá fẹ́ wo fọ́tò, ojú kan ni yóò dì, gẹ́gẹ́ bó ṣe ń ṣe nígbà tí iná bá kan irin. Ó di ojú ọ̀tún. Ó ní, "Fọ́tò yìí ní orí o."

Gbogbo wa yíjú sí i.

"Ẹ wo ìsàlẹ̀, lápá òsì. Òjìji orí Àǹtí Tíṣà nìyẹn. Gèlè wọn nìyí."

Ariwo ẹ̀rín sọ. Mo sáré wò ó. Òun náà ni, wàláhì, gèlè mi pẹ̀lú etí rẹ̀ méjèèjì, ó jókòó sórí amọ̀ ìyá mi bí ẹyẹ igún. Mo ti wo fọ́tò yẹn lọ́pọ̀ ìgbà, mi ò rí i.

Wẹ́dà ò rẹ́rìn-ín. "Ohun tó dáa: amọ̀ yẹn tutù. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ẹ̀wù mi nuwọ́. Ohun tó kù: orí tó wà níbẹ̀ kì í ṣe orí tó yẹ kó wà níbẹ̀. Àtúnṣe: kí wọ́n gé íńṣì kan nísàlẹ̀, kí ẹni tó máa fọ̀ ọ́ sì jẹ́ kó dúdú sí i, kí iṣan lè jáde. Mo ti parí."

Mo gbé èyí tó kù lẹ́nu mi mì, ó há mi lọ́nà ọ̀fun, mo sì dìde. Mo ní, "Ẹ ṣé o. Òjìji yẹn, mo gbà, màá gé e. Dúdú yẹn, mo gbà. Orí, mi ò ní fi kún un. Ẹni tó ni ọwọ́ ló ní ọwọ́ nìkan ni kí n yà."

"Nígbà náà, wá ẹlòmíràn," Bàbá Alága dáhùn. "Ìlọrin ò ṣàìní ẹni tó lórí."

"Ọwọ́ ẹlòmíràn kọ́ ni mo fẹ́ yà."

"Tíṣà, gbọ́ mi. Àwọn èèyàn ńlá máa wá sí Challenge. Wọ́n á rí i, wọ́n á ní a ò mọ kámẹ́rà gbé. Fọ́tò tí kò lórí ò ní wà lára ògiri wa. Mo ti sọ ọ́."

Ẹ lè bi mí pé kí ló dé tí mi ò sọ pé ìyá mi ni. Ó wà létè mi. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ wọ́n. Bí mo bá ti pè é ní ìyá mi, àánú ni wọn yóò fi gbé e sára ògiri. Mo fẹ́ kí wọ́n wo ọwọ́ náà. Mi ò fẹ́ kí wọ́n bá mi kẹ́dùn.

Mo gbé nẹ́gátíìfù lọ bá ẹni tó ń bá wa fọ fọ́tò nítòsí Ọjà-Ọba. Mo sọ ibi tí yóò gé fún un àti bí yóò ṣe dúdú tó. Ó gbé e sókè sí iná, ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún. Mo mọ ohun tó ń wá. Lẹ́yìn náà ó fi ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sọ fún mi, bí ẹni tí kò fẹ́ kójú tì mí, pé òun lè bá mi wá orí kan fi sí i. Ó ní orí obìnrin mẹ́ta wà nínú dúrọ́ọ̀ òun tí wọn ò wá gbà.

Mo ní kó bá mi kí wọn.

Lẹ́yìn náà ni mo lọ sí Òkèlele. Ó yẹ kí n jẹ́wọ́ fún wọn pé Bàbá Alága ti kọ fọ́tò náà. Ìyá mi ń ṣa òkúta wẹ́wẹ́ kúrò nínú amọ̀. Wọ́n béèrè pé, "Wọ́n ti wo ọwọ́ mi?"

"Ẹgbẹ́ wa ti wò ó, Ìyá."

"Kí ni wọ́n wí?"

"Wọ́n ní orí ńkọ́."

Ìyá mi rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Ìkòkò tí wọ́n fi ń se ọbẹ̀ fún wọn láti kékeré, ṣé wọ́n rí orí mi lára rẹ̀? Ṣé wọn ò jẹ ọbẹ̀ ọ̀hún ni?" Wọ́n padà sídìí amọ̀. Mo ń wá ẹnu tí màá fi sọ èyí tó kù. Wọ́n ní, "Ọjọ́ wo lọjọ́ ọ̀hún? Èmi náà máa wá wò ó."

Ìyá mi ò dé ilé ẹ̀kọ́ tí mo ti ń kọ́ni rí. Wọn ò béèrè ohun tí mo kọ́ ní fásitì rí. Ọwọ́ ni mo yà, wọ́n fẹ́ wọ takisí wá sí Challenge nítorí ẹ̀. Mo la ẹnu, mo sì gbọ́ tí ẹnu náà ń sọ ọjọ́ àti aago fún wọn.

Nígbà tí mo jáde, mo ti mọ ohun tí màá ṣe.

Gbọ̀ngàn kékeré kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù ìwé kan ní Challenge ni wọ́n yá wa fún ọjọ́ Sátidé kan ṣoṣo. Láàárọ̀ ọjọ́ náà mo ṣí kíláàsì mi, mo tú okùn wa, mo kó péègì mẹ́rin. Iwájú gbọ̀ngàn náà ní òpó méjì, ẹni tó bá fẹ́ wọlé gbọ́dọ̀ gba àárín wọn. Mo so okùn láti òpó dé òpó, mo gbé fọ́tò mi kọ́ sí àárín gbùngbùn, mo fi péègì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dì í kí afẹ́fẹ́ má baà gbé e. Ó ti rẹwà ju ti tẹ́lẹ̀. Gèlè mi ti lọ, àwọn iṣan ọwọ́ sì ti jáde bí gbòǹgbò igi. Ẹni tó bá ga ju mi lọ gbọ́dọ̀ tẹríba díẹ̀ kó tó kọjá lábẹ́ rẹ̀. Mi ò bínú sí ìyẹn.

Bàbá Alága dé pẹ̀lú ẹ̀wù funfun tí wọ́n lọ̀. Wọ́n dúró. "Tíṣà, kí lèyí?"

"Okùn ni, Bàbá."

"Mo ti sọ ọ́ níwájú gbogbo ẹgbẹ́."

"Ẹ ní kò gbọdọ̀ wà lára ògiri. Ẹ bá mi fọwọ́ kàn án wò, Bàbá. Ògiri kọ́."

Wọ́n wò mí bí wọ́n ṣe máa ń wo ilẹ̀ tí ẹni méjì ń jà sí. Wọ́n tẹríba, wọ́n kọjá lábẹ́ okùn mi.

Kò pẹ́ tí nọ́ọ̀sì jáde sí mi. "Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́ ná. Bàbá ti fi àyè yín sílẹ̀ nínú. Ẹ lọ mú Ọjà-Ọba yẹn wá, èyí tuntun tí kò dagun."

"Ọjà-Ọba kọ́ ni mo ṣèlérí."

"Ta lẹ ṣèlérí fún?"

Mo yọjú wo inú. Àyè náà wà láàárín fọ́tò ọmọ tuntun àti fọ́tò ewúrẹ́, ó ṣófo bí ibi tí eyín ti yọ.

Mo dúró ti okùn mi. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí wọlé, mo sì gbọ́ oríṣiríṣi. "Yéè, wọ́n ti gé e lórí!" "Ọwọ́ ta nìyí, ọwọ́ ọkùnrin ni àbí obìnrin?" Ọkùnrin kan tó wọ tíì béèrè lọ́wọ́ mi bóyá àsìṣe ni. Mo ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó ní òun kàn ní kí òun sọ fún mi ni, bóyá mi ò mọ̀. Ìyá àgbà kan dúró títí tí àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ fi ń rọ́ ọ lẹ́yìn, ó kàn ń yí àtàǹpàkò tirẹ̀ wò.

Lẹ́yìn Àìlà, mo rí wọn tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ nínú takisí. Ìyá mi àti amọ̀kòkò méjì mìíràn, wọ́n fi ìborùn bora dáadáa. Wọn ò kí mi. Wọ́n lọ tààrà sábẹ́ okùn, wọ́n gbé ojú sókè.

Bàbá Alága jáde ní àkókò náà. Ẹni tó mọ ìwà hù ni wọ́n. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n kí àwọn ìyá náà. "Ẹ kú ọjọ́, ẹ̀yin ìyá wa. Ẹ má jẹ́ kí oòrùn pa yín síbí. Ẹ fi eléyìí sílẹ̀, àwọn tó pé wà nínú."

Ìyá mi ní, "Tó pé báwo?"

"Àwọn tó lórí, tó lẹ́sẹ̀."

Ìyá mi mú ọwọ́ jáde lábẹ́ ìborùn, méjèèjì. Wọ́n gbé wọn sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò. Amọ̀ òwúrọ̀ ọjọ́ náà ṣì wà lábẹ́ èékánná. Àtàǹpàkò ọ̀tún tẹ̀ bó ṣe tẹ̀ nínú fọ́tò. "Ó wá ku kí ni?"

Ọwọ́ Bàbá Alága ti wọ àpò lọ síbi rúlà. Ó dúró síbẹ̀, kò jáde. Wọ́n wo ọwọ́ ìyá mi, wọ́n wo fọ́tò, wọ́n wá wo èmi.

"Tíṣà. Kí ni Ìyá yìí jẹ́ sí ọ?"

"Ìyá tó bí mi ni."

"O ò ṣe sọ fún wa?"

"Kúlíkúlí wà lẹ́nu mi."

Wẹ́dà tó dúró sẹ́nu ọ̀nà wúkọ́, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ikọ́ kọ́. Bàbá Alága mí kanlẹ̀. Wọ́n ní, "Ẹ tú u. Ẹ gbé e wọlé. Àyè rẹ̀ ṣì wà."

Mo ti ní èsì mi lọ́wọ́. Mo ti ń dá a rò láti àárọ̀: pé afẹ́fẹ́ ìta dára, pé okùn mi tẹ́ mi lọ́rùn. Ìyá mi ló ṣáájú mi.

"Kò ní wọlé."

Ìyá mi sún mọ́ fọ́tò náà.

"Ẹnu ìkòkò yìí wọ́." Wọ́n fi ìka tọ́ ọ. "Ẹ wo ibí. Mi ò tíì tún un ṣe tán nígbà tó yà á. Ìkòkò tẹ́nu rẹ̀ wọ́ ni ẹ fẹ́ gbé wọlé kí gbogbo Ìlọrin lè sọ pé èmi ni mo mọ ọ́n?" Wọ́n yíjú sí mi. "Ọwọ́ náà dáa. Ó jọ ọwọ́ mi. Ṣùgbọ́n o ò ní sùúrù. Kí ló dé tó ò jẹ́ kí n yí i ká lẹ́ẹ̀kan sí i?"

Àwọn amọ̀kòkò méjèèjì mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ gbọ́, láti ìgbà tí fọ́tò náà ti jáde, àwa tí a ń pe ara wa ní olójú kámẹ́rà ti wọ̀n ọ́n, a ti bú u, a ti gé e, a ti fi dúdú kún un. Kò sí ẹnìkan nínú wa tó wo ìkòkò.

"Ìyá," mo bẹ̀rẹ̀, "oòrùn ló ti ń kúrò níbẹ̀ nígbà yẹn, tí mo bá sì dúró..."

Nǹkan kan kàn mí lápá. Wẹ́dà ni. Kò wojú mi, ó kàn na ọwọ́ sí mi. Kúlíkúlí kan wà láàárín àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

Mo gbà á, mo jù ú sẹ́nu, mo sì gbọ́ ọ̀rọ̀ ìyá mi títí wọ́n fi parí.

Fọ́tò náà wà lórí okùn títí a fi palẹ̀ mọ́. Kò wọlé. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, mo padà sí Òkèlele. Ìyá mi yí ìkòkò ká, wọ́n tún yí i ká, mo gbé kámẹ́rà dání títí apá fi ń ro mí. Gèlè mi wà nílé. Wọ́n fi ìka kan yẹ ẹnu ìkòkò wò, gbogbo ẹ̀ yíká, wọ́n wá ní, "Ó yá." Mo tẹ kámẹ́rà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ọjọ́ Sátidé, mo gbé e kọ́ okùn ní kíláàsì. Bàbá Alága wọ̀n ọ́n láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Wọ́n ní ó dáa, ó dáa gan-an. Wọ́n ní ohun tó kù ni pé àwọn ò bá orí pàdé. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe wí i títí tí ẹgbẹ́ wa fi tú ká, bẹ́ẹ̀ ni èmi náà ò sì fi kún un. A ò bá ara wa jà.

Òjò àkọ́kọ́ lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀rùn náà rọ̀, ìyá mi kó àkísà wọn nílẹ̀, wọn ò mọ ìkòkò mọ́. Fọ́tò kejì yẹn ló wà ní pálọ̀ mi di òní olónìí, ó dojú kọ ilẹ̀kùn. Àlejò á wọlé, á kí mi, á jókòó, á gbé ojú sókè. Mo ti mọ ìbéèrè náà kí ó tó jáde. Abọ́ kúlíkúlí kan wà lórí tábìlì mi. Mo máa ń rọra tì í síwájú wọn.